Joseph Ayọ̀ Babalọlá, Awakọ̀ Ẹ̀rọ Ojú Ọ̀nà

Ẹni tí ó bá kúrò ní Ilémọnà, lẹ́bàá Ọ̀fà, tí ó kọjú sí ìhà ìlà-oòrùn, tí ó sì gba Òmù-Àrán kọjá, kò ní í rìn jìnnà púpọ̀ kí ó tó kan Odò-Ọwá. Ní ìlú yìí ni a bí Joseph Ayọ̀ Babalọlá sí ní ọdún 1904. Dáfídì Rótìmí ni orúkọ bàbá rẹ̀, Màtá Tàlàbí sì ni ìyá rẹ̀ ń jẹ́. Ọmọ ìjọ Áńgílíkà ni àwọn méjèèjì, bàbá náà tilẹ̀ jẹ́ Bàbá Ìjọ. Inú ilé ìsìn ni Babalọlá dàgbà sí. Nítorí náà kì í ṣe pé kò gbọ́ orúkọ Ọlọ́run rí ni ó fa ìdààmú tí ó bá a ní ìgbà ọ̀dọ́ rẹ̀.

Nígbà tí ó wà ní kékeré, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ọkùnrin mú un lọ sí ìhà Èkó kí ó lè kàwé. Ó ka ìwé dé kíláàsì kẹrin, lẹ́yìn náà ó fi ilé-ẹ̀kọ́ sílẹ̀, ó sì lọ kọ́ iṣẹ́ alágbẹ̀dẹ. Láti ìdí ẹwìrì ni ó ti bọ́ sí P.W.D., ilé-iṣẹ́ ìjọba tí ó ń la ọ̀nà nígbà náà. Ibẹ̀ ni ó ti di awakọ̀ ẹ̀rọ ńlá tí í tẹ ojú ọ̀nà. Kí ẹni tí ó ń kà á lónìí má ṣe fi ojú kékeré wo iṣẹ́ yìí. Ẹni tí ó bá ń gba owó oṣù lọ́wọ́ ìjọba ní àkókò yẹn ti kúrò lẹ́gbẹ́ ẹni tí ń wojú òjò kí ó tó jẹun. Ẹ̀rọ náà fúnra rẹ̀ sì jẹ́ ohun ìyanu: èéfín a máa rú lórí rẹ̀, ilẹ̀ a máa mì tìtì bí ó bá ń kọjá, àwọn ọmọdé a sì máa sáré tẹ̀lé e. Ọmọ Odò-Ọwá ni ó jókòó sókè níbẹ̀, ọwọ́ rẹ̀ ni ìjánu rẹ̀ wà.

Ní ọdún 1928, nígbà tí ó di ẹni ọdún mẹ́rìnlélógún, oorun dá lójú rẹ̀. Òun tìkara rẹ̀ ni ó ròyìn rẹ̀ lẹ́yìn náà pé fún nǹkan bí ọ̀sẹ̀ kan, òun kò lè sùn, òun kò sì mọ ohun tí ó fà á. Àìsùn tí ebi bá fà, oúnjẹ ni oògùn rẹ̀. Èyí tí gbèsè bá fà, bí a bá san owó olówó, oorun á padà. Ṣùgbọ́n èwo ni a ó ṣe sí èyí tí a kò mọ orísun rẹ̀?

Ní oṣù October ọdún náà, lójú ọ̀nà tí ó ti Iléṣà lọ sí Àkúrẹ́, ẹ̀rọ náà dákẹ́ mọ́ ọn lọ́wọ́. Bí ó ti ń tún un ṣe ni ó gbọ́ ohùn kan tí ó pè é ní orúkọ, tí ó sì pàṣẹ fún un kí ó fi iṣẹ́ náà sílẹ̀, kí ó máa lọ wàásù. Bí ó bá kọ̀, yóò kú. Bí òun ti sọ ọ́ ni a ṣe sọ ọ́ yìí. Ibi tí ọ̀rọ̀ ti le gan-an nìyí. Ẹni tí ó ti rọ irin rí mọ̀ pé ẹ̀rọ a máa dákẹ́, bí ẹni tí ó mọ̀ ọ́n bá sì fọwọ́ kàn án, yóò tún dún. Báwo ni ènìyàn ṣe ń mọ ìyàtọ̀ láàrin ẹ̀rọ tí ó bàjẹ́ àti ayé tí ó fẹ́ yí padà? Kò sí aládùúgbò tí ó bá a gbọ́ ohùn náà tí ó lè jẹ́ ẹlẹ́rìí. Òun nìkan ni ó ni ìpinnu náà, bí ó bá sì jẹ́ àṣìṣe, òun nìkan ni yóò ru ú. Ó fi iṣẹ́ ìjọba sílẹ̀.

Nígbà tí ó padà dé Odò-Ọwá, kò wọ ìlú bí ẹni tí ó ti Èkó dé. Màrìwò ni ó fi bo ara, eérú sì wà lára rẹ̀, ó ń ké pé kí ìlú ronú pìwà dà. Màrìwò ni aṣọ Ògún. Láti ọwọ́ ẹni tí ó ti jókòó nídìí ẹwìrì rí, ohun tí ojú ìlú rí lọ́jọ́ náà kò ṣe é túmọ̀ kíákíá. Orí ọmọ Rótìmí ti dàrú, bẹ́ẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ènìyàn wí. Ẹ rò ó wò bí ó ti rí fún Bàbá Ìjọ láti gbọ́ irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ nípa ọmọ tí a rán lọ kàwé. Wọ́n fi ẹjọ́ rẹ̀ sun Ajẹ́lẹ̀ ní Ìlọrin, ṣùgbọ́n kò rí ẹ̀ṣẹ̀ kan lọ́wọ́ rẹ̀. Ìjọ tí ó bí i pàápàá kò mọ ibi tí yóò fi í sí. Nígbà tí ó yá ó gba Èkó lọ, ó darapọ̀ mọ́ ìjọ Faith Tabernacle, a sì tún un rì bọmi nínú ọ̀sà ní ọdún 1929.

Ohun tí ó tẹ̀ lé e ni ọ̀pọ̀ ènìyàn mọ̀ jù. Ní oṣù July 1930, ní Òkè-Ooyè ní Iléṣà, ẹgbẹẹgbẹ̀rún ènìyàn ń wọ́ tọ̀ ọ́ wá fún àdúrà àti ìwòsàn. Ní 1932 ó ṣe ẹ̀wọ̀n oṣù mẹ́fà ní Benin nítorí ọ̀rọ̀ àjẹ́. Ní 1936 ó wàásù dé Gold Coast, tí í ṣe Gánà lónìí.

Ìjà mìíràn wà tí kò rọrùn láti sọ. Ó gbà pé àdúrà nìkan tó fún ìwòsàn, kò sì fẹ́ kí onígbàgbọ́ lo oògùn kankan. Nígbà tí àwọn òyìnbó oníwàásù tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́ ń lo kíníìnì nítorí ibà, ọ̀rọ̀ náà dá ìyapa sílẹ̀. Òun àti Isaac Akínyẹlé, ẹni tí ó di Olúbàdàn ní 1955, wà lára àwọn tí wọ́n ya kúrò, a sì forúkọ ìjọ C.A.C. sílẹ̀ lábẹ́ òfin ní 1943. Ẹni tí ó bá mọ iye ọmọ tí ibà ti pa ní ilẹ̀ wa kò lè gbè é lẹ́yìn lórí èyí. Síbẹ̀ a kò lè pè é ní alábòsí. Ẹni tí ó ti jọ̀wọ́ owó oṣù rẹ̀ lórí ohùn tí òun nìkan gbọ́, ó ṣòro fún un láti pín ìgbẹ́kẹ̀lé rẹ̀ sí méjì.

Kò padà sórí ẹ̀rọ náà mọ́. Ẹdẹ ni ó kú sí ní oṣù July 1959, Ẹ̀fọ̀n-Aláayè ni wọ́n sì sin ín sí. Ìjọ rẹ̀ dá yunifásítì kan sílẹ̀ ní 2006 ní Ìkẹjì-Arákẹjì, ní agbègbè tí ìtàn sọ pé a ti pè é. Orúkọ rẹ̀ ni wọ́n fi pè é, orúkọ ẹni tí kò ka ìwé kọjá kíláàsì kẹrin, ọ̀nà tí P.W.D. ń tẹ̀ nígbà náà sì ni àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ń gbà débẹ̀.