Rogier van der Weyden

Rogier van der Weyden (nǹkan bí ọdún 1400 – 18 Oṣù Kẹfà 1464) jẹ́ ayàwòrán láti agbègbè tí à ń pè ní Bẹ́ljíọ̀m lónìí. Tournai ni wọ́n ti bí i, níbi tí bàbá rẹ̀ ti ń rọ ọ̀bẹ. Rogier de la Pasture ni orúkọ rẹ̀ ní èdè Faransé. Ó wọ ilé iṣẹ́ Robert Campin ní 1427, ó sì di ọ̀gá ayàwòrán ní 1432. Nígbà tí yóò fi di 1436, òun ni ayàwòrán ìlú Brussels.

Iṣẹ́ rẹ̀ tó lókìkí jùlọ ni Ìsọ̀kalẹ̀ láti orí Àgbélébùú, tí ó yà sórí pákó igi oak ní nǹkan bí 1435 fún ẹgbẹ́ àwọn alákàtàǹpó ìlú Leuven. Ó tilẹ̀ ya àkàtàǹpó kéékèèké sí igun òkè rẹ̀. Ènìyàn mẹ́wàá ló wà níbẹ̀. Màríà dákú, ara rẹ̀ sì tẹ̀ gẹ́gẹ́ bí ara Ọmọ rẹ̀ tó ti kú ti tẹ̀, bí ẹni pé ikú kan náà ló mú àwọn méjèèjì.

Kò sí ẹni tó ń ké tòò nínú àwòrán náà; ara àwọn ènìyàn rẹ̀ ni ìbànújẹ́ ti hàn. Rogier kọ́ ló kọ́kọ́ fi òróró po ọ̀dà, ṣùgbọ́n ó mọ ohun tí òróró lè ṣe. Ọ̀dà tí wọ́n fi ẹyin pò máa ń tètè gbẹ. Ti olóróró kì í yára gbẹ, nítorí náà ayàwòrán lè fi sùúrù pa àwọ̀ kan pọ̀ mọ́ òmíràn. Wọ́n á kọ́kọ́ fi ẹfun kun pákó, wọn á wá máa tẹ́ ọ̀dà fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ lé e, ìpele lórí ìpele. Ìmọ́lẹ̀ á gba inú ọ̀dà náà kọjá, á kan ẹfun, á sì padà síta. Ọ̀nà yìí ló fi ya ìpéǹpéjú tó pọ́n nítorí ẹkún, ojú Màríà tó funfun bíi ti òkú, àti omijé tí ènìyàn lè rí awọ ara gba inú rẹ̀.

Wọ́n sin ín sí ṣọ́ọ̀ṣì Saint Gudula ní Brussels. Àwọn àwòrán ńlá tí ó yà nípa ìdájọ́ òdodo sí gbọ̀ngàn ìlú náà jóná ní 1695, nígbà tí àwọn ọmọ ogun Faransé yìnbọn lu ìlú. Ní ti Ìsọ̀kalẹ̀, Mary ti Hungary gbà á lọ́wọ́ àwọn ará Leuven, ó sì fi ẹ̀dà tí Michiel Coxcie yà rọ́pò rẹ̀ fún wọn. Ó ti ọwọ́ rẹ̀ bọ́ sọ́wọ́ Ọba Philip Kejì ti Spéìn, ó sì ti wà ní Prado ní Madrid láti 1939.