Kano Jigoro, ẹni tó dá júdò sílẹ̀

Ní ọdún 1860, wọ́n bí ọmọkùnrin kan ní ìlú Mikage, ní orílẹ̀-èdè Japan. Orúkọ rẹ̀ ni Jigoro. Orúkọ ìdílé rẹ̀ ni Kano. Ìyá rẹ̀ kú nígbà tó ṣì kéré. Bàbá rẹ̀ mú un lọ sí Tokyo, olú-ìlú Japan, kí ó lè kàwé.

Kano mọ̀wé dáadáa, ṣùgbọ́n ó kéré, ó sì tẹ́ẹ́rẹ́. Ní ilé-ìwé, àwọn ọmọ tó lágbára jù ú lọ máa ń lù ú. Ó dùn ún gan-an.

Kano gbọ́ nípa ìjàkadì kan tí wọ́n ń pè ní jujutsu. Ẹni kékeré tó bá mọ̀ ọ́n lè dá ẹni ńlá lulẹ̀. Kano fẹ́ kọ́ ọ, ṣùgbọ́n bàbá rẹ̀ kò fẹ́. Àwọn àgbà sọ fún un pé ìjà àtijọ́ ni, pé kò wúlò mọ́.

Kano kò jáwọ́. Nígbà tó dàgbà díẹ̀, ó ń wá olùkọ́ kiri. Ó mọ̀ pé ọ̀pọ̀ nínú àwọn tó mọ jujutsu ló ti di ẹni tó ń to eegun. Ó ń wọ ilé wọn, ó ń béèrè. Níkẹyìn, ó rí olùkọ́ kan tó ń jẹ́ Fukuda.

Ní ilé Fukuda, ọkùnrin ńlá kan wà tí Kano kò lè dá. Kano lọ sí ilé ìkàwé. Ó ka ìwé nípa ìjàkadì ilẹ̀ òkèèrè. Ó rí ọgbọ́n kan níbẹ̀, ó sì fi kọ́ra dáadáa. Nígbà tí wọ́n tún pàdé, ó gbé ọkùnrin náà lé èjìká, ó sì dá a lulẹ̀!

Jujutsu kì í ṣe oríṣi kan ṣoṣo. Ilé olùkọ́ kọ̀ọ̀kan ló ní ọ̀nà tirẹ̀. Ní ilé Fukuda, wọ́n ń kọ́ bí a ṣe ń di ènìyàn mú mọ́lẹ̀. Nígbà tí Fukuda kú, Kano kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ àwọn olùkọ́ mìíràn. Ọ̀kan nínú wọn ni Iikubo. Ní ilé tirẹ̀, wọ́n ń kọ́ bí a ṣe ń gbé ènìyàn ṣubú láti ìdúró.

Èwo ló dára jù? Kano kò kọ ọ̀kankan sílẹ̀. Ó mú ohun tó dára nínú ọ̀kan, ó mú ohun tó dára nínú èkejì, ó sì pa wọ́n pọ̀. Ó yọ ohun tó lè ṣe ènìyàn léṣe kúrò nínú eré ìdíje. Ó pe eré náà ní júdò. Jù ni pẹ̀lẹ́. Dò ni ọ̀nà. Nínú júdò, bí ẹnì kan bá ń tì ọ́, má ṣe tì í padà. Fà á mọ́ra. Agbára òun fúnra rẹ̀ ni yóò gbé e ṣubú.

Ní ọdún 1882, Kano dá ilé ẹ̀kọ́ júdò sílẹ̀ nínú ilé ìsìn kan ní Tokyo. Ẹní 12 péré ni wọ́n tẹ́ síbẹ̀. Akẹ́kọ̀ọ́ 9 péré ló ní. Wọ́n ń kọ́ bí a ṣe ń ṣubú láìfarapa. Wọ́n sì ń tẹríba fún ara wọn kí wọ́n tó jà àti lẹ́yìn ìjà.

Kano tún jẹ́ ọ̀gá ilé-ìwé tí wọ́n ti ń kọ́ àwọn olùkọ́. Ó kú nínú ọkọ̀ ojú omi ní ọdún 1938, nígbà tó ń ti ìrìn àjò bọ̀ sílé. Ní ọdún 1964, júdò wọ inú eré Òlíńpíìkì ní Tokyo. Lónìí, tọmọdé tàgbà ń ṣe é káàkiri ayé.

Abẹ́rẹ́ kéré, kì í ṣe mímì adìẹ. Ọ̀nà kan kò sì wọ ọjà.

Dáhùn àwọn ìbéèrè wọ̀nyí:
1. Kí ló mú kí Kano fẹ́ kọ́ jujutsu?
2. Báwo ló ṣe dá ọkùnrin ńlá náà lulẹ̀?
3. Kí ni wọ́n ń kọ́ ní ilé Fukuda? Kí ni wọ́n ń kọ́ ní ilé Iikubo?
4. Kí ni ìtumọ̀ òwe méjèèjì tó gbẹ̀yìn?