Ààrẹ Àfọ̀njá ti Ìlọrin

Akọni ni Àfọ̀njá, Ààrẹ Ọ̀nà Kakaǹfò ilẹ̀ Ọ̀yọ́. Àwa kò sì gbà pé ọ̀dàlẹ̀ lásán ni. Aláàfin Aólẹ̀ ni ó kọ́kọ́ ṣi agbára lò: ó rán an lọ gbógun ti Ìwéré, ìlú olódi tí ogun kì í tètè kó, nítorí Kakaǹfò tí kò bá ṣẹ́gun láàárín oṣù mẹ́ta kò gbọdọ̀ padà wálé láàyè. Àfọ̀njá mọ ète náà. Àwọn ọmọ ogun kọ ọba, Aólẹ̀ sì fi ọwọ́ ara rẹ̀ pa ara rẹ̀.

Kí Ìlọrin má bàa tún sin Ọ̀yọ́ mọ́, Ààrẹ ké sí Àlímì, àlùfáà Fúlàní, ní nǹkan bí ọdún 1817. Àwọn ẹrú Haúsá sì sá tọ̀ ọ́ wá láti di ọmọ ogun. Àwọn ni Jàmáà. Wọ́n ṣẹ́gun fún un nítòótọ́, ṣùgbọ́n wọ́n ń kó ẹrù olórò, wọ́n sì ń fi ojú àwọn olówó wọn àtijọ́ rí màbo. A kìlọ̀ fún Ààrẹ, kò gbọ́. Níhìn-ín ni àwa dá a lẹ́bi.

Nígbà tí ó fẹ́ tú wọn ká, ẹ̀pa kò bóró mọ́. Ní nǹkan bí ọdún 1824 wọ́n dìde sí i nínú ìlú rẹ̀. Ó ránṣẹ́ sí Ṣólàgbérù ti Òkè Sùnnà, Yorùbá bí tirẹ̀, kò wá. Ọfà ni wọ́n ta pa Àfọ̀njá, wọ́n sì sun òkú rẹ̀. Àbdúsàlámì ọmọ Àlímì di Ẹ́mírì. Nígbà tí ó yá, ọwọ́ rẹ̀ ni Ṣólàgbérù pẹ̀lú kú sí.