Buster Keaton, Ọkùnrin Rélùwéè Tí Kì Í Rẹ́rìn-ín

Ìtàn àwọn olóṣèlú àti àwọn ọba lẹ sábà máa ń kà lára ògiri yìí. Lọ́tẹ̀ yìí, ẹ jẹ́ kí n sọ ti aláwàdà kan, òyìnbó Amẹ́ríkà tó ti kú láti ọdún 1966. Buster Keaton lorúkọ rẹ̀. Ọ̀pọ̀ nínú wa ló mọ Charlie Chaplin. Ìgbà kan náà ni àwọn méjèèjì ṣeré, àmọ́ Keaton ni tèmi.

Bí mo ṣe mọ̀ ọ́n ni pé mo wo fíìmù rẹ̀ kan lórí fóònù ẹ̀gbọ́n mi nígbà ìsinmi tó kọjá. The General ni wọ́n ń pè é, ọdún 1926 ni wọ́n ṣe é, kò sì ní ohùn. Màmá wa àgbà jókòó tì mí. Wọn ò gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì, torí náà tí mo bá ń wo fíìmù òyìnbó, ṣe ni wọ́n máa ń sùn lọ. Lọ́jọ́ yẹn, wọn ò sùn o. Wọ́n rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú wọn. Nígbà tó parí, wọ́n bi mí ní ìbéèrè kan tí mi ò lè dáhùn lójú ẹsẹ̀. Màá padà sórí ẹ̀.

Joseph Frank Keaton ni orúkọ tí àwọn òbí rẹ̀ sọ ọ́. Ọjọ́ 4 oṣù Kẹwàá ọdún 1895 ni wọ́n bí i, ní Piqua, ìlú kékeré kan ní ìpínlẹ̀ Kansas. Kì í ṣe pé wọ́n ń gbé ibẹ̀ o. Eléré ni bàbá àti ìyá rẹ̀, wọ́n ń tẹ̀ lé àwọn tó ń fi eré ta oògùn káàkiri, bíi ti àwọn tó ń polówó àgbo nínú bọ́ọ̀sì lọ́dọ̀ wa. Ẹnu ìrìn-àjò yẹn ni ìrọbí bá ìyá. Ní ti orúkọ Buster, ohun tí òun fúnra rẹ̀ máa ń sọ ni pé òun ré bọ́ láti orí àtẹ̀gùn nígbà tóun wà lọ́mọ ọwọ́, nǹkan kan ò ṣe òun, ni Houdini, onídán tó lókìkí nì, tó ń bá bàbá òun ṣeré, bá sọ òun ní Buster. Bóyá òótọ́ ni o, bóyá eré ni o, orúkọ yẹn bá a mu, torí ṣíṣubú ni iṣẹ́ tó ṣe jẹun.

Kò tíì pé ọmọ ọdún mẹ́fà tó ti ń bá àwọn òbí rẹ̀ ṣeré lórí ìtàgé. Ohun tí wọ́n ń ṣe ò le rárá: ọmọ á ṣe agídí, bàbá á gbé e jù sọ́tùn-ún, á gbé e jù sósì, nígbà míì á jù ú sáàárín àwọn òǹwòran. Wọ́n tiẹ̀ rán ohun tí wọ́n fi ń gbé àpótí mọ́ ẹ̀yìn aṣọ rẹ̀ kó lè ṣe é dì mú dáadáa. Àwọn ẹgbẹ́ tó ń dáàbò bo ọmọdé ní New York yọ wọ́n lẹ́nu lórí ọ̀rọ̀ yìí títí. Ibẹ̀ ni ọmọ náà ti ṣàkíyèsí nǹkan kan: tóun bá rẹ́rìn-ín lẹ́yìn tóun ṣubú, kò sẹ́ni tó ń rẹ́rìn-ín. Tóun bá di ojú bíi pé nǹkan kan ò ṣẹlẹ̀, gbogbo ilé á tú ká fún ẹ̀rín. Láti ìgbà náà ló ti ń di ojú lórí ìtàgé àti nínú fíìmù.

Ó ní ọjọ́ kan ṣoṣo lòun lò nílé ìwé láyé òun. (Ẹ̀yin ará SS2, ẹ má fi ìyẹn ṣe àwáwí o.) Rélùwéè ló ń gbé wọn láti ìlú dé ìlú, láti ìtàgé dé ìtàgé. Bí èmi àti ẹ̀yin ṣe mọ ọ̀kadà àti kórópe, bẹ́ẹ̀ ni ọmọ yẹn ṣe mọ ọkọ̀ ojú irin.

Ọdún 1917 ló wọ inú iṣẹ́ fíìmù, lọ́dọ̀ aláwàdà kan tó ń jẹ́ Roscoe Arbuckle ní New York. Wọ́n ní ó yá kámẹ́rà lọ́jọ́ tó kọ́kọ́ débẹ̀, ó gbé e lọ síbi tó ń sùn, ó tú u palẹ̀, ó sì tò ó padà. Wọ́n mú un wọṣẹ́ ológun lọ sí ilẹ̀ Faransé ní 1918, etí rẹ̀ ò sì gbọ́ràn dáadáa mọ́ láti ibẹ̀. Nígbà tó fi máa di 1920, ó ti ní ilé iṣẹ́ tó ń ṣe fíìmù tirẹ̀, ohun tó bá fẹ́ ló ń ṣe.

Kí ló sì fẹ́? Rélùwéè! Nínú Our Hospitality, ọdún 1923, ó ní kí wọ́n kan rélùwéè ayé àtijọ́ kan, irú èyí tó wà ní bí ọgọ́rùn-ún ọdún ṣáájú ìgbà náà, tó ń ta gọ̀ọ́gọ̀ọ́ kọjá lórí òkúta àti gbòǹgbò igi. Kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́ kan dúró sẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀nà, ó kọ̀ kò kúrò, ni wọ́n bá sún ojú irin fún un. Bàbá rẹ̀ tó ń jù ú kiri yẹn náà ló fi ṣe awakọ̀.

Ní 1924, nínú Sherlock Jr., ó ń sáré lórí òrùlé rélùwéè tó ń lọ, ó di ọ̀pá ńlá tí wọ́n fi ń rọ omi sínú ẹ́ńjìnnì mú. Omi tó tú jáde lágbára ju bó ṣe rò lọ. Ó là á mọ́lẹ̀, ẹ̀yìn ọrùn rẹ̀ sì gbá irin. Orí fọ́ ọ fún ọjọ́ mélòó kan, ó ń bá iṣẹ́ lọ. Ọdún pípẹ́ lẹ́yìn ìyẹn ni dókítà tó ya fọ́tò egungun rẹ̀ bi í léèrè ìgbà tí ọrùn rẹ̀ ṣẹ́. Òun ò mọ̀ pé ọrùn òun ṣẹ́! Èyí tó dùn mí jù ni pé ìṣubú yẹn ṣì wà nínú fíìmù náà. A ń wò ó, a ń rẹ́rìn-ín.

Ó wá kan The General. Johnnie Gray ń wa rélùwéè ní ìpínlẹ̀ Georgia. Nǹkan méjì ló fẹ́ràn láyé, ẹ́ńjìnnì rẹ̀ tí wọ́n ń pè ní The General, àti ọmọbìnrin kan, Annabelle. Ogun abẹ́lé bẹ́ sílẹ̀ láàárín Àríwá àti Gúúsù Amẹ́ríkà. Johnnie sáré lọ forúkọ sílẹ̀ fún Gúúsù, wọ́n lé e. Wọ́n mọ̀ pé ó wúlò jù nídìí rélùwéè, ṣùgbọ́n wọn ò sọ fún un. Annabelle rò pé ojo ni. Lẹ́yìn náà, àwọn amí Àríwá jí ẹ́ńjìnnì náà gbé, Annabelle sì wà nínú ọkọ̀. Ìdajì fíìmù, Johnnie ń lé wọn lọ. Ìdajì kejì, ó ti gba ẹ́ńjìnnì rẹ̀ àti ìyàwó ojú ọ̀nà padà, àwọn ni wọ́n wá ń lé e bọ̀.

Kò sí kọ̀ǹpútà nígbà yẹn, ẹ rántí. Gbogbo nǹkan tí ẹ bá rí, wọ́n ṣe é ni. Ibì kan wà tí ìbànújẹ́ mú un, ó lọ jókòó sórí ọ̀pá irin tó so àwọn ẹsẹ̀ ẹ́ńjìnnì pọ̀, ẹ́ńjìnnì sì ṣí. Ọ̀pá ń gbé e lọ sókè, ó ń gbé e wálẹ̀, kò tiẹ̀ mọ̀. Tí awakọ̀ bá ṣèèṣì fi agbára sí i jù, tí ẹsẹ̀ ọkọ̀ yí lódìlódì, ikú ni. Ibòmíì, ó jókòó sí iwájú ẹ́ńjìnnì tó ń sáré, pákó ńlá kan wà láyà rẹ̀, pákó míì dábùú ojú irin níwájú. Ó gbé ti ọwọ́ rẹ̀ sókè, ó là á mọ́ etí ti ilẹ̀, ti ilẹ̀ fò dànù. Ká ní ó tàsé ńkọ́? Màmá àgbà pariwo níbẹ̀.

Ìpínlẹ̀ Oregon, lẹ́bàá ìlú Cottage Grove, ni wọ́n ti ya á. Ó ti kọ́kọ́ fẹ́ lo The General gangan, torí ẹ́ńjìnnì yẹn wà lóòótọ́, ṣùgbọ́n àwọn tó ni ín kọ̀ nígbà tí wọ́n gbọ́ pé eré ẹ̀rín ló fẹ́ fi ṣe. Àwọn ọmọ ogun ìpínlẹ̀ Oregon ló fi ṣe ọmọ ogun ìhà méjèèjì. Wọ́n á wọ aṣọ Àríwá kọjá síbí, wọ́n á pààrọ̀ sí ti Gúúsù, wọ́n á gba ọ̀hún padà. Iná tó ń ta jáde lára ẹ́ńjìnnì sun igbó, Keaton àtàwọn èèyàn rẹ̀ bọ́ aṣọ ológun, wọ́n fi ń pa iná.

Ní ọjọ́ 23 oṣù Keje 1926, wọ́n dáná sun afárá onígi tí wọ́n kọ́ sórí odò Row, wọ́n sì jẹ́ kí ẹ́ńjìnnì gidi wọ orí rẹ̀. Ọmọlangidi ni wọ́n fi sípò awakọ̀. Ẹgbẹẹgbẹ̀rún èèyàn ló wá wòran. Afárá dá, ẹ́ńjìnnì já sódò. Ẹ̀ẹ̀kan péré ni wọ́n lè ya á, kò sí pé ẹ jẹ́ ká tún un ṣe. $42,000 ni wọ́n ná sórí ìyẹn nìkan, wọ́n sì sọ pé kò sí àwòrán kan ṣoṣo tó gbówó tó o nínú gbogbo sinimá tí kò ní ohùn. Inú odò ni ẹ́ńjìnnì náà wà títí di ìgbà Ogun Àgbáyé Kejì, tí wọ́n wá fà á jáde nítorí irin rẹ̀.

Ìbéèrè Màmá àgbà wá nìyí: kí ni àwọn èèyàn yìí ń jà lé lórí? Mo ní ogun ni. Wọ́n ní àwọn náà rí i pé ogun ni, kí ló fà á?

Mo lọ bá olùkọ́ ìtàn wa, mo sì kàwé. Àwọn ìpínlẹ̀ Gúúsù ya kúrò lára Amẹ́ríkà torí wọ́n fẹ́ máa kó èèyàn dúdú lẹ́rú nìṣó. Jíjí ẹ́ńjìnnì náà ṣẹlẹ̀ lóòótọ́, ní ọjọ́ 12 oṣù Kẹrin 1862, nígbà tí àwọn òṣìṣẹ́ rélùwéè ń jẹun àárọ̀ lọ́wọ́ ní Big Shanty. Àwọn ará Àríwá tó jí i ń wá bí wọ́n ṣe máa ba ọ̀nà rélùwéè Gúúsù jẹ́. Ọwọ́ tẹ̀ wọ́n. Wọ́n yẹgi fún mẹ́jọ nínú wọn, James Andrews olórí wọn sì wà lára àwọn mẹ́jọ náà. Ọ̀kan lára àwọn tó yè ló kọ ìwé tí Keaton kà. Keaton wá yí i po, ó fi ẹni tó ń lé wọn ṣe akọni. Ó ní àwọn òǹwòran ò ní gbà kóun sọ ará Gúúsù di ọ̀daràn. Fíìmù náà ò sọ̀rọ̀ ẹrú rárá.

Èyí kan àwa náà o. Ní 1860, ọdún kan ṣáájú ogun yẹn, ọkọ̀ ojú omi Clotilda kó bí èèyàn 110 láti Ouidah lọ sí Alabama, ìpínlẹ̀ tó bá Georgia pààlà. Àwọn onímọ̀ sọ pé Yorùbá láti agbègbè Bantè, ní Benin òde òní, wà lára wọn. Ọ̀kan nínú wọn ni Oluale Kossola, tí òyìnbó ń pè ní Cudjo Lewis. Ogun yẹn ló dá a sílẹ̀. Lọ́jọ́ tí Keaton ń dáná sun afárá, Kossola ṣì wà láàyè ní Alabama. Ọdún 1935 ló kú.

Mo sọ gbogbo rẹ̀ fún Màmá àgbà. Wọ́n dákẹ́ fún ìgbà díẹ̀. Wọ́n wá ní kí n tún fi ibi tí ọ̀pá ń gbé e lọ sókè sódò han àwọn. Èmi ò rò pé Keaton kórìíra ẹnikẹ́ni, ọ̀rọ̀ ẹ̀rín àti ọ̀rọ̀ irin ló gbà á lọ́kàn. Ṣùgbọ́n ó ṣe é lọ́nà tó rọrùn fún àwọn tó ń sanwó wọlé, mi ò sì fọwọ́ sí i. Síbẹ̀ mo ti wo fíìmù náà lẹ́ẹ̀mẹrin. Tí ẹ bá rí ọ̀nà tí mo lè gbà ṣe méjèèjì pọ̀, ẹ kọ ọ́ kí ẹ lẹ̀ ẹ́ mọ́ ẹ̀gbẹ́ ibí.

Òun ló fẹ́ràn jù nínú gbogbo iṣẹ́ rẹ̀, òun náà ló sì dá a lẹ́sẹ̀ dúró. Owó rẹpẹtẹ wọlé rẹ̀, èyí tó jáde kò tó nǹkan, àwọn tó ń kọ ìwé ìròyìn sì bẹnu àtẹ́ lù ú. Ní 1928 ó di òṣìṣẹ́ MGM, ilé iṣẹ́ fíìmù ńlá. Ó ní àṣìṣe tó burú jù láyé òun nìyẹn. Wọn ò jẹ́ kó ṣe tinú ẹ̀ mọ́. Ó ń mutí. Ìyàwó rẹ̀ kọ̀ ọ́ ní 1932, orúkọ bàbá kúrò lára àwọn ọmọkùnrin rẹ̀ méjèèjì. Ní 1933 wọ́n lé e níbi iṣẹ́. Ẹni tó ti ní ilé iṣẹ́ tirẹ̀ wá ń bá ẹlòmíràn ronú àwàdà.

Eleanor Norris, oníjó tó fẹ́ ní 1940, ló dúró tì í títí dópin. Díẹ̀díẹ̀ ni wọ́n ń rí àwọn fíìmù rẹ̀ àtijọ́ padà, tí àwọn ọ̀dọ́ tí kò mọ̀ ọ́n rí ń wò wọ́n. Ní 1960 wọ́n fún un ní Oscar ti àpọ́nlé. Ní 1965, ní Venice, gbogbo èèyàn dìde dúró pàtẹ́wọ́ fún un. Ó pé kó tó dé o, àmọ́ ó bá a láàyè.

Ní ọdún 1965 yẹn kan náà ni fíìmù rẹ̀ The Railrodder jáde ní Kánádà. Kò ju ìṣẹ́jú mẹ́rìnlélógún lọ, Keaton ò sì sọ̀rọ̀ kankan nínú ẹ̀. Ó pé ọmọ ọdún 69 nígbà tó ń ya á. Ó jókòó sínú ọkọ̀ kékeré tí àwọn òṣìṣẹ́ rélùwéè ń lò, ó fi la Kánádà kọjá láti òkun kan dé èkejì, ó ń se oúnjẹ, ó ń fọ aṣọ lórí irin. Lórí afárá gíga kan, ó ní òun á fi ìwé máàpù ńlá bo ara òun lójú nígbà tí ọkọ̀ ń sáré. Olùdarí fíìmù ní ó léwu jù. Ó ṣe é.

Ọjọ́ 1 oṣù Kejì ọdún 1966 ni jẹjẹrẹ ẹ̀dọ̀fóró pa á, lẹ́ni 70 ọdún. Ní òpin The Railrodder, ó dé etí òkun, ó sọ̀ kalẹ̀ lọ wo omi. Ẹlòmíràn bá gbé ọkọ̀ náà lọ. Ó wo ọ̀hún, kò rẹ́rìn-ín, kò sunkún, ó bá yí padà, ó ń fẹsẹ̀ rin ojú irin lọ.