Jeff Astle: Orí tó fi gbòkìkí ló ṣàkóbá fún un

Bí ọmọ wa bá fò sókè lórí pápá, tó fi orí kan bọ́ọ̀lù wọ inú àwọ̀n, ariwo ayọ̀ la máa ń pa. Kò burú. Ṣùgbọ́n a fẹ́ kí ẹ̀yin òbí gbọ́ ìtàn Jeff Astle lónìí.

Ọjọ́ 13 oṣù Karùn-ún ọdún 1942 ni wọ́n bí i sí Eastwood, lágbègbè Nottingham nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ẹgbẹ́ Notts County ló ti bẹ̀rẹ̀ kó tó lọ sí West Bromwich Albion lọ́dún 1964, ẹgbẹ́ tí Kanu Nwankwo àti Osaze Odemwingie tiwa náà padà wá gbá bọ́ọ̀lù fún. Gòólù 174 ló jẹ fún wọn. Lọ́dún 1968, òun ló jẹ gòólù kan ṣoṣo tí wọ́n fi na Everton ní àṣekágbá FA Cup. Ọba ni àwọn olólùfẹ́ ẹgbẹ́ náà ń pè é.

Orí kíkàn ni wọ́n fi mọ̀ ọ́n jù. Awọ ni bọ́ọ̀lù ìgbà náà. Bí òjò bá pa á, á wúwo gan-an. Kì í sì í ṣe ọjọ́ ìdíje nìkan ni Astle ń kàn án, ó ń kàn án léraléra nídìí ìgbáradì pẹ̀lú.

Lẹ́yìn tó fẹ̀yìn tì, iṣẹ́ fèrèsé fífọ̀ ló ń ṣe. Kò tíì pé ọgọ́ta ọdún tó fi bẹ̀rẹ̀ sí í ṣarán. Nígbà tó yá, kò rántí mọ́ pé òun gbá bọ́ọ̀lù rí láyé. Ọjọ́ 19 oṣù Kìíní ọdún 2002 ló kú, lẹ́ni ọdún 59.

Lọ́dún yẹn kan náà, òṣìṣẹ́ ìjọba tó wádìí ikú rẹ̀ sọ pé iṣẹ́ tó ṣe ló pa á: bọ́ọ̀lù tó ń fi orí kàn ló ba ọpọlọ rẹ̀ jẹ́. Lọ́dún 2014, Dókítà Willie Stewart tún ọpọlọ náà yẹ̀ wò, ó sì bá àrùn CTE níbẹ̀, èyí tí wọ́n mọ̀ mọ́ àwọn abẹ̀ṣẹ́ tẹ́lẹ̀. Ìwádìí tí òun àtàwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ gbé jáde lọ́dún 2019 fi hàn pé irú àrùn ọpọlọ bẹ́ẹ̀ pa àwọn tó fi bọ́ọ̀lù ṣiṣẹ́ jẹ rí ní Scotland ní ìlọ́po mẹ́ta ààbọ̀ ju àwọn ẹlòmíì lọ. Lọ́dún 2020, wọ́n ní kí àwọn ọmọ iléèwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ní England àti Scotland má ṣe fi orí kan bọ́ọ̀lù nídìí ìgbáradì mọ́.

Orí bíbẹ́ kọ́ ni oògùn orí fífọ́. A ò ní kí àwọn ọmọ má gbá bọ́ọ̀lù. Ẹ̀yin akọ́nimọ̀ọ́gbá, ẹ má fi orí kíkàn dá àwọn ọmọdé lágara. Bí ọmọ bá sì forí sọ ẹlòmíì tàbí tó forí lu ilẹ̀, tójú ń pòòyì í, tó ń bì, tàbí tí kò mọ ibi tó wà, ẹ yọ ọ́ kúrò lórí pápá lójú ẹsẹ̀, ẹ gbé e lọ sílé ìwòsàn. Kò gbọ́dọ̀ padà wọlé lọ́jọ́ náà, bó ti wù kí òun fúnra rẹ̀ bẹ̀bẹ̀ tó. Ìdíje mìíràn ń bọ̀, ọpọlọ kan ṣoṣo ni ọmọ ní.