Mary Slessor: Ìyá Tí Kò Relé Ọkọ

Ọ̀rọ̀ kan wà tí àwa akẹ́kọ̀ọ́ máa ń jiyàn lé lórí: ǹjẹ́ ẹni tí kò ní ọkọ tàbí aya títí ó fi kú lè mọ ohun tí à ń pè ní ìfẹ́? Ọ̀pọ̀ nínú wa ni yóò dáhùn pé rárá. Èmi kò gbà bẹ́ẹ̀, ìtàn ìgbésí ayé obìnrin kan ni mo sì fẹ́ fi ti ọ̀rọ̀ mi lẹ́yìn. Ẹ̀yin ọ̀rẹ́ mi tí ẹ ti Tógò, Bẹ̀nẹ̀ àti Gánà wá lè máà tíì gbọ́ orúkọ rẹ̀ rí, ṣùgbọ́n ní Kàlàbá, ní gúúsù-ìlà-oòrùn Nàìjíríà, tọmọdé tàgbà ni ó mọ̀ ọ́n.

Ní ọjọ́ 2, oṣù Kejìlá, ọdún 1848 ni a bí Mary Slessor ní ìlú Aberdeen ní ilẹ̀ Scotland. Òun ni ọmọ kejì nínú ọmọ méje. Aránbàtà ni bàbá rẹ̀, ṣùgbọ́n ọtí ni ó ń jẹ èrè iṣẹ́ rẹ̀. Ìyá rẹ̀ ni ó ń hun aṣọ kí ilé má baà tú. Nígbà tí wọ́n ti ṣí lọ sí Dundee, tí Mary di ọmọ ọdún 11, òun náà wọ ilé iṣẹ́ ìhunṣọ: ìdajì ọjọ́ nídìí ẹ̀rọ, ìdajì ọjọ́ ní ilé-ẹ̀kọ́. Kò pẹ́ tí ó fi di pé owó ọwọ́ rẹ̀ ni a fi ń gbọ́ bùkátà ilé. Ẹ jẹ́ kí a fi èyí sọ́kàn, nítorí kì í ṣe ọmọ ọlọ́rọ̀ tí kò rí nǹkan mìíràn ṣe ni ó wá sí etíkun wa. Láti kékeré ni ó ti kọ́ bí a ti ń yọ oúnjẹ lẹ́nu ara ẹni láti fi bọ́ ẹlòmíràn.

Ìjọ Presbyterian ti ń ṣiṣẹ́ ìhìnrere ní Kàlàbá láti ọdún 1846. Ní oṣù Kẹjọ ọdún 1876, Mary wọ ọkọ̀ ojú omi ní Liverpool, ó sì gúnlẹ̀ sí Kàlàbá ní oṣù tí ó tẹ̀ lé e. Ó kọ́ èdè Efik títí ó fi yọ̀ mọ́ ọn lẹ́nu. Ó ń jẹ oúnjẹ tí àwọn aládùúgbò rẹ̀ ń jẹ, nítorí apá kan owó oṣù rẹ̀ ni ó ń fi ránṣẹ́ sí ìyá rẹ̀ nílé.

Ó lè ṣòro fún àwa Yorùbá tí a ń ki ìbejì, tí a sì ń yọ̀ mọ́ ìyá wọn, láti lóye ohun tí Mary bá níbẹ̀. Ní agbègbè náà láyé ìgbà náà, ẹ̀rù ìbejì ń ba àwọn ènìyàn. Wọ́n gbà pé ẹ̀mí búburú ni ó bí ọ̀kan nínú wọn. Nítorí náà wọn a kó àwọn ọmọ náà sínú ìkòkò, wọn a gbé wọn sọ sínú igbó, wọn a sì lé ìyá wọn jáde láàárín ìlú. Àwọn àgbà wa máa ń sọ pé ẹni tí ó bí ọmọ ọ̀ràn ni í pọ̀n ọ́n. Mary kò bí ọmọ ọ̀ràn kankan, síbẹ̀ òun ni ó pọ̀n wọ́n. Ọ̀kan nínú wọn ni ọmọbìnrin tí ó sọ ní Janie, tí wọn kò rí èkejì rẹ̀ gbà là. Nígbà tí àìsàn mú kí Mary padà sílé ní ọdún 1883, ó gbé Janie dání lọ sí Scotland. Ní ọdún 1898, mẹ́rin nínú àwọn ọmọbìnrin rẹ̀ ni ó kó lọ.

Ní ọdún 1886 ni ìròyìn ikú ìyá rẹ̀ àti ti àbúrò rẹ̀ obìnrin dé bá a. Ọdún méjì lẹ́yìn èyí, ó kó àwọn ọmọ tí ó ń tọ́, ó sì lọ tẹ̀dó sí Okoyong, níbi tí àwọn ajíhìnrere kò tíì gbé rí. Kò ní ṣàìbá ẹni rere níbẹ̀. Eme Ete, opó kan tí í ṣe arábìnrin Edem, olóyè Ekenge, di ọ̀rẹ́ rẹ̀ tímọ́tímọ́. Nígbàkígbà tí wàhálà bá fẹ́ bẹ́ sílẹ̀, yóò rán ìránṣẹ́ sí Mary bí ẹni tí ó ń tọrọ oògùn, Mary yóò sì mọ̀ pé ó yẹ kí òun wà lójúfò. Eme Ete kò di Kristẹni títí ó fi kú, ṣùgbọ́n ó fi ara rẹ̀ wewu nítorí àjèjì. Mo rò pé ó yẹ kí a máa dárúkọ rẹ̀ nígbàkígbà tí a bá ń dárúkọ Mary.

Okoyong yìí ni ìdánwò ńlá ti dé. Ní nǹkan bí ọdún 1890, ìfẹ́ wọ àárín Mary àti olùkọ́ kan tí ń jẹ́ Charles Morrison, ẹni tí ó kéré sí i púpọ̀ lọ́jọ́ orí. Ní Duke Town, ní Kàlàbá, ni Morrison ti ń ṣiṣẹ́ fún ìjọ. Ó fẹ́ràn ìwé kíkà, Mary náà sì fẹ́ràn rẹ̀. Mary gbà láti fẹ́ ẹ, ṣùgbọ́n ohun kan ṣoṣo ni ó bèèrè: kí ọkọ wá bá òun ní Okoyong. Wọ́n gbé ọ̀rọ̀ náà síwájú ìgbìmọ̀ ìjọ ní Scotland. Ìgbìmọ̀ kò gbà. Wọn kò fẹ́ kí Morrison fi iṣẹ́ rẹ̀ ní Duke Town sílẹ̀.

Ọ̀nà kan ni ó kù nígbà náà, èyí ni pé kí Mary padà sí Duke Town, kí ó di ìyàwó ilé. Ta ni ìbá bá a wí? Ó ti lé ní ẹni 40 ọdún. Ṣùgbọ́n ó wò ó pé Duke Town ní òṣìṣẹ́ púpọ̀, ó ní ilé-ẹ̀kọ́ àti ìwé, nígbà tí Okoyong kò ní ẹlòmíràn. Bí òun bá kúrò, ta ni yóò gbọ́ igbe ọmọ tí a gbé sọ sígbó lóru? Ó yàn láti dúró. Àìlera lé Morrison kúrò ní Kàlàbá; ó lọ sí Amẹ́ríkà níkẹyìn, ibẹ̀ ni ó sì kú sí. Mary kò fẹ́ ẹlòmíràn. Lẹ́yìn ikú rẹ̀ ni a rí ìwé nínú ilé rẹ̀ tí ó fi ọwọ́ ara rẹ̀ kọ orúkọ àwọn méjèèjì sí. Ó ti tọ́jú wọn láti ọdún wọ̀nyí wá.

Nígbà tí mo kọ́kọ́ kà nípa àwọn ìwé náà ni ìtàn yìí wọ̀ mí lọ́kàn. Mary kò kórìíra ìgbéyàwó, ọkàn rẹ̀ kò sì gbẹ. Ó nífẹ̀ẹ́ ọkùnrin náà, ó sì pa ìfẹ́ náà mọ́ ní mímọ́, láìfi ṣe ìkanra fún ẹnikẹ́ni àti láìjẹ́ kí ó dí iṣẹ́ rẹ̀ lọ́wọ́. Èyí ni mo mọ̀ sí ìfẹ́ tí Kristi fi kọ́ni.

N kò sọ pé kò ní àbùkù. Onínú fùfù ni, ó sì máa ń bá tolóyè tòtòṣì wí kíkankíkan. Ìjọba Gẹ̀ẹ́sì fi í ṣe adájọ́, agbára ilẹ̀ òkèèrè sì wà lẹ́yìn ìdájọ́ rẹ̀. Ṣùgbọ́n sùúrù rẹ̀ pọ̀ ju ìbínú rẹ̀ lọ: ọdún 15 ni ó lò ní Okoyong kí a tó ṣe Oúnjẹ Alẹ́ Olúwa àkọ́kọ́ níbẹ̀ ní ọdún 1903. Lẹ́yìn náà ó tẹ̀ síwájú sínú ilẹ̀ Ibibio, ó sì dá ibùgbé kan sílẹ̀ ní Use fún àwọn obìnrin tí kò ní olùrànlọ́wọ́. Ní Use ni ó kú sí ní ọjọ́ 13, oṣù Kìn-ín-ní, ọdún 1915, ní ẹni ọdún 66. Janie, ọmọ tí wọn ìbá ti pa, wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibùsùn rẹ̀. Wọ́n gbé òkú rẹ̀ gba orí omi lọ sí Duke Town, wọ́n sì sin ín síbẹ̀.

Ẹ̀yin olùkọ́ ọ̀la, púpọ̀ nínú wa ni a óò rán lọ sí ìletò tí ẹnikẹ́ni kò fẹ́ lọ, nígbà tí àfẹ́sọ́nà wa wà ní ìlú ńlá. N kò sọ pé kí gbogbo wa kọ ìgbéyàwó. Ohun rere ni, Ọlọ́run ni ó sì dá a sílẹ̀. Ohun tí mo ń sọ ni pé kí a tó béèrè ohun tí ìfẹ́ yóò fún wa, kí a kọ́kọ́ wo àwọn ọmọ tí ó wà níwájú wa, kí a sì béèrè ẹni tí wọ́n ní lẹ́yìn wa.