Anna Hinderer: ìyàwó tuntun tó gba inú igbó lọ sí Ìbàdàn ní 1853

Ẹ̀yin ará wa, láyé òde òní, bí ọmọ wa bá ṣègbéyàwó ní Parakou, tí owó sì wà lọ́wọ́ díẹ̀, tọkọtìyàwó á wọ bọ́ọ̀sì, wọ́n á sọ̀kalẹ̀ lọ sí Cotonou tàbí Grand-Popo. Wọ́n á wo òkun, wọ́n á jẹ ẹja, wọ́n á ya fọ́tò. Ohun tí àwọn Faransé ń pè ní lune de miel nìyẹn. Obìnrin tí mo fẹ́ sọ ìtàn rẹ̀ lónìí, etíkun ni tirẹ̀ náà ti bẹ̀rẹ̀, àmọ́ kò dúró síbẹ̀. Òun àti ọkọ rẹ̀ kọjú sí àríwá, wọ́n gba orí ọ̀sà, wọ́n gba orí odò, wọ́n wọ inú igbó, títí wọ́n fi dé ìlú tí obìnrin òyìnbó kankan kò tíì gbé rí. Anna Hinderer ni orúkọ rẹ̀. Àwọn ará Ìbàdàn ń pè é ní Ìyá.

Ọmọ tí ìyá rẹ̀ kú

Wọ́n bí Anna ní ọjọ́ 19 oṣù Kẹta ọdún 1827, ní abúlé Hempnall, ní ẹkùn Norfolk, ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Martin ni orúkọ ìdílé baba rẹ̀. Ọmọ ọdún márùn-ún péré ni nígbà tí ìyá rẹ̀ kú. Nígbà tó yá, ó lọ ń gbé lọ́dọ̀ baba rẹ̀ àgbà ní ìlú Lowestoft, létí òkun. Níbẹ̀ ni pásítọ̀ ìjọ wọn, Francis Cunningham, àti ìyàwó rẹ̀ ti mú un bí ọmọ. Kò tíì dàgbà tó bẹ́ẹ̀ tó fi lọ bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n jẹ́ kí òun máa kọ́ àwọn ọmọ kéékèèké lọ́jọ́ Ìsinmi. Àwọn ọmọ tálákà ni wọ́n kọ́kọ́ fún un, àwọn tí aṣọ wọn ti ya. Ẹ kíyè sí ìyẹn o, nítorí ohun tó bẹ̀rẹ̀ ní Lowestoft náà ló padà ṣe ní Ìbàdàn.

Ọkọ rẹ̀, David Hinderer, ọmọ Jámánì ni. Ẹgbẹ́ ìjíhìnrere CMS ti London ló rán an wá sí ilẹ̀ Yorùbá ní 1849. Abẹ́òkúta ló kọ́kọ́ gbé. Ní 1851 ó wọ Ìbàdàn, ó lo oṣù mélòó kan níbẹ̀, ìlú náà sì wù ú. Nígbà tó padà lọ sí ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ó fẹ́ Anna. Ọjọ́ 14 oṣù Kẹwàá ọdún 1852 ni wọ́n ṣègbéyàwó. Kò ju oṣù méjì lọ lẹ́yìn náà tí ìyàwó tuntun fi wọ ọkọ̀ ojú omi. Ọmọ ọdún márùndínlọ́gbọ̀n ni.

Láti etíkun sí àríwá

Ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 1853 ni wọ́n gúnlẹ̀ ní Èkó. Kò tíì pẹ́ rárá tí ìbọn àwọn Gẹ̀ẹ́sì dún níbẹ̀: oṣù Kejìlá 1851 ni wọ́n lé ọba Kòsọ́kọ́ kúrò, tí wọ́n dá Akíntóyè padà sórí oyè. Nígbà náà, ọkọ̀ ńlá kò lè wọ Èkó. Iyanrìn wà lábẹ́ omi lẹ́nu ọ̀sà, ìgbì sì ń ru lórí rẹ̀. Ọkọ̀ kékeré ni èèyàn á bọ́ sí, á sì máa gbàdúrà. Ẹni tó bá mọ etíkun wa, láti Grand-Popo títí dé Sèmè, mọ ohun tí mò ń sọ.

Láti Èkó, ọkọ̀ ọlọ́pọ́n ló gbé wọn gba ọ̀sà, kí wọ́n tó bọ́ sí odò Ògùn tó lọ sí Abẹ́òkúta. Ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn ni, omi ti fà, ọ̀pá gígùn ni àwọn awakọ̀ fi ń ti ọkọ̀ lọ. Bí ilẹ̀ bá ṣú, etí odò ni wọ́n á sùn, igbó níhìn-ín, igbó lọ́hùn-ún.

Abẹ́òkúta tí wọ́n dé, ìlú tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bọ́ lọ́wọ́ ogun ni. Ní ọjọ́ 3 oṣù Kẹta 1851, ọba Gézò ti Abomey kó ogun wá bá wọn, àwọn Ẹ̀gbá sì lé e padà. Àwa ará Bẹ̀nẹ̀ kò nílò kí ẹnikẹ́ni ṣàlàyé ogun Abomey fún wa. Àwọn ará Kétou àti Savè ṣì ń sọ ọ́ fún ọmọ wọn.

Ṣùgbọ́n kì í ṣe ogun ló kọ́kọ́ kọlu Anna, ibà ni. Lásìkò yẹn kò sẹ́ni tó mọ̀ pé ẹ̀fọn ló ń gbé ibà kiri. Ọdún 1897 ni dókítà Ronald Ross tó rí àrídájú rẹ̀. Afẹ́fẹ́ búburú ni wọ́n rò pé ó fà á. Ibà gbé ìyàwó tuntun dè ní Abẹ́òkúta fún ọ̀sẹ̀ púpọ̀. Àwọn òyìnbó míì tí wọ́n jọ ṣẹ̀ṣẹ̀ dé kú lójú rẹ̀. Ó lè ní kí wọ́n dá òun padà sílé, kò sí ẹni tí ì bá dá a lẹ́bi. Nígbà tí ara rẹ̀ mókun díẹ̀, ọ̀nà Ìbàdàn ló mú pọ̀n.

Oṣù Kẹrin 1853 ni wọ́n wọlé. Gbogbo ìlú ló tú jáde wá wò ó. Àwọn obìnrin ń fọwọ́ kan ọwọ́ rẹ̀, àwọn ọmọdé ń tẹ̀ lé e lẹ́yìn. Ilé amọ̀ tóóró kan tí wọ́n fi ewé bo orí rẹ̀ ni òun àti ọkọ rẹ̀ kọ́kọ́ gbé.

Ìyá àwọn ọmọ

Àwọn ìjòyè fún wọn ní ilẹ̀ ní Kúdẹtì. Níbẹ̀ ni wọ́n kọ́ ilé àti ṣọ́ọ̀ṣì sí. Lẹ́yìn náà ni ti Àrẹ̀mọ àti Ògúnpa dé. David ń wàásù, Anna ń kọ́ àwọn ọmọ. Ó ń kọ́ wọn ní ìwé, orin àti abẹ́rẹ́. Ó ń wẹ̀ wọ́n, ó ń tọ́jú egbò wọn. Òun fúnra rẹ̀ kò bímọ, àmọ́ ilé rẹ̀ kò ṣófo lọ́jọ́ kan.

Ẹ má rò pé ó rọrùn o. Àwọn òbí ń bẹ̀rù ìwé. Ọ̀pọ̀ rò pé ọmọ tó bá kàwé á di ọ̀lẹ, kò ní lè lọ ogun, kò ní lè lọ oko. Ìjòyè kan, Olúńlọ́yọ̀ọ́, ló fi ọkàn tán an. Ó kó ọmọ rẹ̀ méjì fún un, Akínyẹlé ọkùnrin àti Yéjídé obìnrin. Baba yìí kì í ṣe Kristẹni, kò sì fi ẹ̀sìn tirẹ̀ sílẹ̀. Síbẹ̀ ó rí i pé ohun kan wà nínú ìwé tó lè ṣe ọmọ òun láǹfààní. Kò sì yọ ọmọbìnrin sílẹ̀. Ẹ jẹ́ ká rántí ìyẹn nígbà tí a bá ń jiyàn lónìí lórí ọmọbìnrin tó yẹ kó lọ sílé ìwé àti èyí tó yẹ kó dúró sílé.

Òtítọ́ ibẹ̀ nìyí pẹ̀lú: Anna kò fi ojú rere wo àwọn òrìṣà wa. Bí gbogbo òyìnbó ìjọ nígbà náà, ó gbà pé òkùnkùn lásán ni. Àwọn tó ń bọ òrìṣà náà ni wọ́n sì gbà á lálejò, tí wọ́n fún un ní ilẹ̀, tí wọ́n fún un ní ọmọ.

Nígbà tí ọ̀nà dí

Ní 1859, Aláàfin Àtìbà kú. Ọmọ rẹ̀ Adélù jọba. Àṣà ni pé àrẹ̀mọ máa ń bá ọba kú, nítorí náà Kúrunmí ti Ìjàyè kọ̀, kò gba Adélù. Ìbàdàn gbè sẹ́yìn Adélù, Ẹ̀gbá gbè sẹ́yìn Ìjàyè. Ogun bẹ́ ní 1860. Ìjàyè fọ́ ní oṣù Kẹta 1862, ṣùgbọ́n ogun kò tán. Ẹ̀gbá àti Ìjẹ̀bú dí ọ̀nà tó lọ sí òkun. Ìbàdàn wà nínú àhámọ́, Anna àti ọkọ rẹ̀ sì wà nínú rẹ̀.

Lẹ́tà kò wọlé, oògùn kò wọlé, owó kò wọlé. Owó ẹyọ la ń ná nígbà náà, ọ̀kẹ́ kan jẹ́ 20,000 ẹyọ, ẹrù ọkùnrin kan gbáko. Ta ló máa ru ìyẹn la ojú ogun kọjá? Ohun tó wà nínú ilé ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í tà: aṣọ, àwo, títí kan ìdérí agolo. Ẹ̀wà àti epo di oúnjẹ wọn, wọ́n sì ń wọ̀n ọ́n jẹ, nítorí ọmọ pọ̀ nílé. Ìgbà míì ebi ń pa ìyá kí ọmọ tó yó. Àwọn obìnrin ọjà tí kò jọ́sìn pẹ̀lú rẹ̀ ló ń ràn án lọ́wọ́.

Láàárín ìyà yìí náà ni David parí títúmọ̀ ìwé Bunyan sí Yorùbá. Ìlọsíwájú Èrò Mímọ́ ni wọ́n pe àkọlé rẹ̀, ó jáde ní 1866.

Nígbà tó di oṣù Kẹrin 1865, Glover tó ń ṣàkóso Èkó rán Maxwell, ọ̀gágun kan, pé kó wá mú Anna jáde. Maxwell kò gba ọ̀nà ọjà. Igbó ló gbà, òun àti àwọn ọmọ ogun rẹ̀. Alẹ́ ló dé, ó sì ní kí wọ́n má fi ọjọ́ ṣòfò. Àwọn ọmọ bú sẹ́kún. David dúró ná, kó lè tọ́jú ìjọ. Inú àwọ̀n ni wọ́n gbé Anna sí, ara rẹ̀ kò gbé ìrìn mọ́. Ibi tí ọ̀tá bá sún mọ́, ẹnì kan kò gbọ́dọ̀ sọ̀rọ̀. Ọ̀nà igbó tó gbà wọlé bí ìyàwó tuntun ní ọdún méjìlá sẹ́yìn, ọ̀nà igbó míì ló gbà jáde.

Ìgbẹ̀yìn

Ó padà wá sí Ìbàdàn ní 1867 o! Ọdún yẹn gan-an ni wọ́n lé àwọn òyìnbó kúrò ní Abẹ́òkúta. Àmọ́ àìsàn kò fi í sílẹ̀ mọ́, ojú rẹ̀ kan ti fọ́. Ní 1869 ó kí àwọn ọmọ rẹ̀ pé ó dìgbóṣe. Ó kú ní Martham, ní Norfolk tí wọ́n ti bí i, ní ọjọ́ 6 oṣù Kẹfà ọdún 1870. Ọmọ ọdún mẹ́tàlélógójì ni. Ọdún méjì lẹ́yìn náà, àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ kó àwọn lẹ́tà rẹ̀ jọ, wọ́n sì sọ wọ́n di ìwé. David padà sí ilẹ̀ Yorùbá, ó ṣiṣẹ́ ní apá Lẹ́kì àti Oǹdó, kó tó kú ní 1890.

Ìjọ Ìbàdàn kò kú. Daniel Olúbí, ọmọ Abẹ́òkúta tó bá wọn wọ ìlú náà nígbà tó wà lọ́dọ̀ọ́, ló gba iṣẹ́ náà lọ́wọ́ wọn. Títí dòní, ilé ìwé àwọn ọmọbìnrin kan ń jẹ́ orúkọ Yéjídé ní Ìbàdàn.

Iṣẹ́ mi ni láti kọ́ àwọn tó máa di olùkọ́. Ọdọọdún ni a máa ń rán àwọn kan, tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣègbéyàwó, lọ sí abúlé tí ọ̀dà kò dé, tí zémidjan pàápàá ń ronú kó tó lọ. Ẹ̀rù máa ń bà wọ́n, mi ò sì bá wọn wí. Ìtàn Anna ni mo máa ń sọ fún wọn. Lẹ́yìn náà mo máa ń sọ ti Olúńlọ́yọ̀ọ́, nítorí ẹ̀yin òbí ni: olùkọ́ lè rìn dé ẹnu ọ̀nà yín, ṣùgbọ́n bí ẹ kò bá fún un ní ọmọ, asán ni gbogbo ìrìn rẹ̀.